Ìjàpá Inú Kọ̀ǹpútà: Kí Ni “Procedure” Tó Wà Nínú Iṣẹ́ Àṣetiléwá Àwọn Ọmọ?

Fọ́tò ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá kan ń yí kiri lórí WhatsApp àwa òbí tá a jẹ́ Yorùbá ní ìhà Kubwa àti Dutse Alhaji l'Ábùjá. Ìbéèrè ibẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: “Write a procedure to draw a square of side 100.” Bàbá kan ní òun fi rúlà ya square ọ̀hún fún ọmọ, ó gún régé, síbẹ̀ tíṣà fi bírò pupa fagi lé e. Ìyá kan rí i pé ọmọ òun fi TO bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn, ó ní gẹ̀ẹ́sì yìí kò délé, ó bá pa á rẹ́. Ẹlòmíràn tilẹ̀ béèrè pé kí ni ìjàpá ń wá nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Àwọn ìwé tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ kì í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún òbí, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni wọ́n máa ń da gbogbo rẹ̀ bo ọmọ. Ẹ jẹ́ ká mú un ní díẹ̀díẹ̀.

Kí ni Logo, ta sì ni ìjàpá yìí?

Logo ni orúkọ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Èdè tí èèyàn fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni, bíi BASIC tàbí Python, àmọ́ àwọn ọmọdé ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Wally Feurzeig, Seymour Papert àti Cynthia Solomon ló wà nídìí rẹ̀ lọ́dún 1967, nílé iṣẹ́ Bolt, Beranek and Newman ní Cambridge, Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọmọ Áfíríkà ni Papert nínú wọn, Pretoria ní South Africa ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1928.

Ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn ni Logo àkọ́kọ́ fi ń ṣeré, kò tíì sí àwòrán níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń rìn nílẹ̀, tó gbé kálàmù sábẹ́ ikùn, tó sì ń fa ìlà bó ṣe ń lọ. Turtle ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn ìjàpá. Nígbà tó yá, ìjàpá kúrò nílẹ̀, ó wọ ojú kọ̀ǹpútà, níbi tó ti di onígun mẹ́ta kékeré kan lásán. Ẹ má retí ẹsẹ̀ tàbí ìrù lára ẹ̀. Ẹ má sì fi í wé Ìjàpá ọkọ Yánníbo, nítorí kò ní ọgbọ́n àrékérekè kankan. Ohun tẹ́ ẹ bá ní kó ṣe gẹ́lẹ́ ló máa ṣe, kódà bó bá jẹ́ ìsọkúsọ lẹ sọ.

Nǹkan mẹ́ta péré la gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ìjàpá nígbàkigbà: ibi tó dúró sí, ibi tó kọjú sí, àti bóyá kálàmù rẹ̀ wà nílẹ̀ tàbí ó gbé e sókè. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn, a ṣì máa nílò wọn gidi.

Àṣẹ tó ń gbọ́ kò le. FD 100 ní kó lọ síwájú ní ìgbésẹ̀ 100. BK 100 ní kó fẹ̀yìn rìn. RT 90 ní kó yí sọ́wọ́ ọ̀tún ní dígírì 90 láì kúrò lójú kan, LT sì jẹ́ ti ọwọ́ òsì. PU gbé kálàmù sókè, PD gbé e sílẹ̀. CS nu ojú kọ̀ǹpútà mọ́, ó sì dá ìjàpá padà sí àárín, á kọjú sókè.

Láti ya square, ìjàpá á lọ síwájú, á yí, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Dípò ká kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin:

REPEAT 4 [FD 100 RT 90]

Ó ti tó, ó ti ya square. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí tíṣà béèrè nìyẹn.

Kí wá ni procedure?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rán ọmọ lọ ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ àbókí ìta, gbogbo ọ̀nà lẹ máa kà fún un. Jáde ní géètì, yà sọ́wọ́ ọ̀tún, kọjá ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, sọ fún àbókí pé búrẹ́dì lo fẹ́, gba ṣéńjì, máa bọ̀ nílé. Tó bá di ọjọ́ kejì, “lọ ra búrẹ́dì” nìkan lẹ máa sọ. Gbogbo àlàyé àná ti kó sínú gbólóhùn kan.

Procedure kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jẹ́ àkójọ àṣẹ tá a fún lórúkọ. Bá a bá ti pe orúkọ náà, ìjàpá á ṣe gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ìlànà ni màá máa pè é láti ibí lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́:

TO SQUARE
REPEAT 4 [FD 100 RT 90]
END

TO tí ìyá yẹn pa rẹ́ gan-an ni ọ̀pá tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Òun ló ń sọ fún Logo pé ohun tó ń bọ̀ yìí, ẹ̀kọ́ tuntun ni, kó má tíì ṣe é. SQUARE ni orúkọ ẹ̀kọ́ náà. END ní ẹ̀kọ́ ti parí. Ní ti bàbá tó lo rúlà, ṣe ló ya square fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kó kọ́ ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń yà á.

Orúkọ kì í ṣe dandan kó jẹ́ gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lè sọ ọ́ ní ILE, ORULE tàbí orúkọ ọmọ yín, kẹ́ ẹ ṣáà ti yọ àmì ohùn kúrò, kẹ́ ẹ má sì fi àlàfo sáàárín rẹ̀. Lẹ́tà ńlá tàbí kékeré kò ṣe nǹkan kan.

Kí ló dé tí kò ya nǹkan kan lẹ́yìn END?

Níbí lọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń sunkún. Wọ́n á kọ ìlànà tán, kò ní sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà á sì funfun gbòò. Gbogbo ohun tí Logo máa sọ kò ju “square defined” lọ. Ọmọ á rò pé òun ti bà á jẹ́, á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, á tún un kọ, funfun gbòò náà ni.

Kò sóhun tó bàjẹ́. Ẹ ti kọ́ ọ, ẹ ò tíì rán an níṣẹ́ ni. Ẹ wá tẹ SQUARE nìkan, kẹ́ ẹ tẹ Enter, square á yọ. Ẹ tún tẹ RT 45, kẹ́ ẹ tẹ SQUARE lẹ́ẹ̀kan sí i, òmíràn á yọ ní ìdagun. Ẹ wá gbìyànjú èyí:

REPEAT 8 [SQUARE RT 45]

Square mẹ́jọ á yí ara wọn ká bí òdòdó. Ibí yìí lojú àwọn ọmọ ti máa ń là, mi ò sì tíì rí èyí tó ní òun fẹ́ padà sí fífi ọwọ́ kọ àṣẹ méjìléláàádọ́rin.

Bí ọmọ bá ṣi orúkọ náà kọ, tó tẹ SQAURE, Logo á dáhùn pé “I don't know how to sqaure”. Kì í ṣe ìbínú. Ohun tó ń sọ ni pé wọn ò tíì kọ́ òun ní nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni àmì : yẹn ń ṣe níbẹ̀?

SQUARE tá a kọ yìí, 100 náà ni ní gbogbo ìgbà. Bí ọmọ bá fẹ́ square kékeré, ṣé á tún kọ ìlànà mìíràn? Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n á kọ SQUARE50, wọ́n á kọ SQUARE60, ìwé á kún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ránṣẹ́ búrẹ́dì kì í kọ́ ọmọ ní ọ̀nà tuntun nítorí pé iye owó yí padà. Owó ló máa fún un, ọ̀nà ò yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń fi àyè sílẹ̀ nínú ìlànà fún iye tá a máa sọ tó bá yá:

TO SQUARE :gigun
REPEAT 4 [FD :gigun RT 90]
END

Gigun ni orúkọ àyè náà. Àmì : tó wà níwájú rẹ̀ túmọ̀ sí “iye tó wà nínú gigun”. Tẹ́ ẹ bá tẹ SQUARE 50, 50 á bọ́ sí gbogbo ibi tí :gigun wà. SQUARE 120 á fún yín ní ńlá.

Bí ọmọ bá gbàgbé iye, tó tẹ SQUARE nìkan, UCBLogo, ìyẹn oríṣi Logo kan, á sọ pé “not enough inputs to square”. Bó bá sì jẹ́ pé SQUARE àtijọ́ tí kò ní àyè ló ṣì wà níbẹ̀, tí ọmọ tẹ SQUARE 50, square á jáde, lẹ́yìn náà ni Logo á wá béèrè ohun tí òun máa fi 50 ṣe: “You don't say what to do with 50”. Tẹ́ ẹ bá rí èyí, ẹ wo ìlà TO. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ kò tíì fi :gigun síbẹ̀.

Kí ló dé tí triangle kì í pàdé?

Níléèwé, wọ́n ti kọ́ ọmọ pé igun triangle tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba jẹ́ dígírì 60. Ó bá kọ REPEAT 3 [FD 100 RT 60], ohun tó sì jáde kò jọ triangle rárá, ó dà bí abọ́ tó dojú dé. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Ibi tó ti ṣì í ni pé ìjàpá kì í yí igun inú. Ẹ wò ó bó ṣe ń rìn: ó ti ń lọ síwájú, ó wá fẹ́ ṣẹ́rí padà síhà inú triangle. Kó tó kọjú síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yí 180 dín 60, ìyẹn 120.

Tí èyí kò bá yé ọmọ, ẹ mú un jáde síta lórí interlock. Ẹ ní kó fi ara rẹ̀ ṣe ìjàpá, kó ka òkúta márùn-ún síwájú, kó yí, kó tún ka márùn-ún. Papert fúnra rẹ̀ gbà pé bí ọmọ bá fi ara rẹ̀ rin ìrìn ìjàpá ni yóò tètè mọ̀ ọ́n. Yálà onígun mẹ́ta ni ọmọ rìn tàbí onígun mẹ́jọ, tó bá fi máa padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ tó sì kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, odindi ẹ̀ẹ̀kan ló ti yí, dígírì 360. Nítorí náà, ẹ pín 360 sí iye igun tẹ́ ẹ fẹ́:

TO ONIGUN :iye :gigun
REPEAT :iye [FD :gigun RT 360 / :iye]
END

ONIGUN 3 80 jẹ́ triangle. ONIGUN 6 80 jẹ́ onígun mẹ́fà. ONIGUN 36 10, tí wọ́n bá fi han ẹni tí kò mọ̀, á ní róbótó ni.

Ìlànà wo ló ṣeé tún lò?

Tíṣà lè má béèrè èyí, àmọ́ tèmi ni pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìlànà tó ní orúkọ ló ṣeé tún lò.

Ká ní ọmọ fẹ́ ya ilé. Ògiri jẹ́ square, òrùlé jẹ́ triangle, ó sì ti ní méjèèjì lọ́wọ́. Ìlànà kan lè pe òmíràn, Logo fàyè gbà á. Ó wá kọ ọ́ báyìí:

TO ILE :gigun
SQUARE :gigun
FD :gigun
RT 30
ONIGUN 3 :gigun
END

SQUARE kọ́ ògiri. FD gun ògiri òsì dé òkè. RT 30 dorí ìjàpá kọ ìdagun òrùlé. ONIGUN gbé òrùlé lé e. ILE 50 yọ, ó rẹwà, ọmọ dunnú. Ó wá ní òun fẹ́ ilé márùn-ún lórí ìlà kan, bí ilé inú ẹ́sítéètì ní Gwarinpa:

REPEAT 5 [ILE 50 PU RT 90 FD 70 LT 90 PD]

Ilé kìíní dúró ṣánṣán. Ilé kejì dagun, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì sí lórí ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta dagun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹrin ti sùn sílẹ̀, ìkarùn-ún ti ń dorí kodò. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe nínú REPEAT, kò sì sí níbẹ̀.

Inú ILE ló wà. Ẹ rántí nǹkan mẹ́ta tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tí ILE bẹ̀rẹ̀, ìjàpá wà nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ ògiri òsì, ó kọjú sókè. Nígbà tó parí, ó wà lókè lẹ́bàá òrùlé, ó sì ti yí sọ́tùn-ún ní dígírì 30. Ibẹ̀ ni ilé kejì ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, 30 gun orí 30, ó di 60, ó di 90, ó di 120. Ọmọ tá a rán níṣẹ́ búrẹ́dì gbọ́dọ̀ padà wálé kí ẹlòmíràn tó lè rán an. Tó bá dúró sọ́dọ̀ àbókí, iṣẹ́ kejì á ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì ní í dé ibi tá a fẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ìlà méjì, kí END tó dé:

LT 30
BK :gigun

LT 30 tú RT 30. BK tú FD. Ìjàpá padà sẹ́sẹ̀ ògiri, ó kọjú sókè, bíi pé kò lọ síbì kankan. Ẹ tún tẹ REPEAT yẹn, ilé márààrún á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àlàfo ìgbésẹ̀ 20 láàárín wọn.

Ẹ kíyè sí i pé SQUARE àti ONIGUN kò fa wàhálà yìí rárá. Ìdí ni pé àwọn fúnra wọn yí 360 pé, wọ́n sì padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òdòdó square mẹ́jọ fi jáde dáadáa.

Ọmọ tó bá ti mòye èyí á lè máa kọ́lé lórí ilé. Á sọ ìlà REPEAT yẹn di ìlànà tó ń jẹ́ ADUGBO, á sì rántí pé lẹ́yìn ilé karùn-ún, ìjàpá ti rìn 350 sọ́tùn-ún, torí náà ADUGBO gbọ́dọ̀ parí pẹ̀lú PU LT 90 FD 350 RT 90 PD. Bó bá wá fẹ́ òpópónà kejì, á gbé kálàmù, á rìn sókè díẹ̀, á gbé e sílẹ̀, á tún pe ADUGBO. Ilé mẹ́wàá ti yọ, ọmọ kò sì kọ ìlà ilé kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé ìlànà lè pe ara rẹ̀?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń fi í dẹ́rù ba àwọn ọmọ láìnídìí. Ẹ wo èyí:

TO OKOTO :gigun
IF :gigun > 200 [STOP]
FD :gigun
RT 91
OKOTO :gigun + 3
END

Ìjàpá lọ síwájú, ó yí, ó wá tún ara rẹ̀ rán níṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìgbésẹ̀ 3 lé sí i. OKOTO 1 á yí jáde láti àárín bí ojú òkòtó. Ìlà IF ló ń dá a dúró nígbà tí gígùn bá kọjá 200. Ẹni tó bá yọ ìlà yẹn kúrò á jókòó wo ìjàpá tí kò ní dúró mọ́.

Tó bá ti kúrò ní Logo ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ yìí ò ní í ṣòfò. Nínú Scratch, tó máa ń lo búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi, abẹ́ My Blocks ni wọ́n ti ń ṣe ìlànà tiwọn. KTurtle, ètò kan tó jọ Logo, ń lo “learn” níbi tí Logo ti ń lo TO. Python ní ìjàpá tiẹ̀ náà, “def” ló sì fi rọ́pò rẹ̀. Orúkọ, àyè fún iye, pípè: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú gbogbo wọn. Fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú Logo gan-an nílé, FMSLogo wà fún Windows, UCBLogo náà wà, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Bí iná bá lọ ńkọ́?

Gbogbo ìlànà tí ọmọ kọ wà lórí kọ̀ǹpútà fúngbà díẹ̀ ni. CS kì í pa wọ́n rẹ́, àwòrán nìkan ló ń nù. Àmọ́ bí wọ́n bá pa Logo, tàbí iná lọ tí bátìrì kò sì sí, SQUARE, ILE àti ADUGBO ti lọ nìyẹn, ìjàpá á padà di ẹni tí kò mọ̀ ju FD àti RT lọ. Kí ọmọ tó dìde, kó tẹ èyí:

SAVE "ile.lgo

Àmì " yẹn, iwájú nìkan ló máa ń wà, wọn kì í pa á dé lẹ́yìn. Lọ́jọ́ mìíràn, LOAD "ile.lgo á kó gbogbo wọn padà.